Ẹjọ́ Itan Àgbò Nínú Yàrá Páálí

Nígbà tí mo wà ní kékeré, nílé Baba wa ní Ìlobù, fíìmù kan ṣoṣo ló kù nílé tí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò tíì já, fíìmù ọ̀hún kò sì ní ìjà, kò ní orin, kò ní ẹṣin, kò tilẹ̀ ní obìnrin arẹwà kankan. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí bí a ṣe máa ń kó jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n láyé ìgbà yẹn, tí ẹni tó ni fídíò á máa ṣe bí ọba, tí ọmọ tó bá wúkọ́ á gba ìfọ́tí. Bọ̀dá Rafíù, àbúrò bàbá mi, ló ni tiwa. Àlòkù ló rà á. Gbogbo kásẹ́ẹ̀tì Íńdíà àti ti Ṣáínà tó bá a wá ni ẹ̀rọ náà ti gbé mì. Èyí tó ṣẹ́ kù ni ti àwọn òyìnbó kan tí wọ́n há mọ́ inú yàrá, tí wọ́n ń làágùn, tí wọ́n sì ń bára wọn jiyàn.

Bọ̀dá Rafíù ló máa ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ó ní obìnrin alásè kan ni wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó dáná sun ilé ọ̀gá rẹ̀. Adájọ́ wá ní kí àwọn èèyàn kan, tí wọn kì í ṣe lọ́yà, tí wọn kì í ṣe ọlọ́pàá, wọ yàrá lọ, kí wọ́n fikùn lukùn, wọn ò sì gbọdọ̀ jáde àfi bí ẹnu gbogbo wọn bá kò. Bí wọ́n bá ní ó jẹ̀bi, ó gbé nìyẹn. Bí wọ́n bá ní kò jẹ̀bi, á máa lọ sílé rẹ̀.

Ìyá Àgbà, ìyẹn ìyá tó bí àwọn bàbá wa, kì í lè panu mọ́ bí fíìmù yìí bá ń lọ. Á ní, "Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ò mà níṣẹ́ lọ́wọ́ o. Ta ló ń se oúnjẹ fún wọn? Kí ló dé tí wọn ò ṣí fèrèsé?" Bí ọ̀kan nínú wọn bá gbá tábìlì, á pariwo pé, "Sọ fún wọn!" kí Bọ̀dá Rafíù tó túmọ̀ ohun tí ọkùnrin náà sọ. Ní ti Baba, ọkọ rẹ̀, á jókòó sórí àga rẹ̀ pẹ̀lú ife ògì gbígbóná lọ́wọ́, èyí tó máa ń pè ní kókó, nítorí Gánà ló ti lo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó dá wọn padà wálé. Á mi orí, á ní, "Ẹ gbọ́ ọ o, ẹ̀yin ọmọ. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà." Lẹ́yìn náà á máa fẹ́ atẹ́gùn sí kókó rẹ̀.

Àwa ọmọdé fẹ́ràn fíìmù yìí débi pé a fi ṣe eré. Ta ló bu omi inú àmù tí kò dé e padà? A wọ yàrá. Ta ló tọ̀ sórí ẹní? A wọ yàrá. Yàrá náà ni yàrá páálí, ibi tí Baba ń kó páálí ọjà pamọ́ sí. Òrùlé páànù rẹ̀ kò ní àjà, bí oòrùn bá mú, ooru ibẹ̀ lè sọ ẹyin àìsè di bíbọ̀. Wàsíù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló fi ara rẹ̀ jẹ alága. Wàsíù yìí lè bá ògiri jiyàn kí ògiri sì tọrọ àforíjì. Okùn ṣòkòtò rẹ̀ ló máa ń so mọ́ ọrùn bíi táì, á wá fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú títí ẹjọ́ á fi parí. Torí pé a ò pọ̀ tó àwọn tó wà nínú fíìmù, a máa ń fa ewúrẹ́ Ìyá Àgbà wọlé kí ó lè kún wa.

Eré ni, eré ni, títí di Iléyá ọdún kan.

Mi ò lè ṣàlàyé Iléyá ìgbà yẹn tán. Iṣẹ́ pọ̀, àmọ́ ta ló rí iṣẹ́? À ń fọ ìfun, à ń fẹ́ iná tí èéfín ń fi ata sí wa lójú, à ń ru àwo ẹran kiri ilé aládùúgbò, a sì ń jẹ díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà. Òórùn ẹran díndín á wọ irun wa, á wọ aṣọ, kò ní lọ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Àwọn àgbà kì í na ọmọ ní ọjọ́ ọdún. Wọ́n á ní, "Ọdún ti gbà ẹ́ sílẹ̀, jẹ́ kí ọdún kọjá ná."

Ẹran Iléyá ní ìpín, kò sí ẹni tí kò mọ tirẹ̀. Nílé wa, itan kan jẹ́ ti àwọn àna. Lọ́dọọdún ni Baba máa ń fi odidi itan àgbò ránṣẹ́ sí Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, sílé àwọn òbí ìyá Sìfáwù. Sìfáwù ni ọmọ Bọ̀dá Lásísì, ẹ̀gbọ́n Bọ̀dá Rafíù. Ọ̀rẹ́ mi ni, ẹní kan náà la jọ ń sùn, aṣọ kan náà la jọ ń bò, a sì máa ń fà á mọ́ra wa lọ́wọ́ bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ mọ́. Ìlobù ni bàbá rẹ̀, Ìfọ́n ni ìyá rẹ̀. Lójú ọ̀nà tó dára, èèyàn lè lọ kí ó sì bọ̀ kí ọbẹ̀ tó jinná.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ò dára lọ́dún náà. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún ti ru sókè láàárín ìlú méjèèjì. Ẹ̀yin ará ibí mọ̀ ọ́n, mi ò ní tú u palẹ̀ níhìn-ín. Ìyá Sìfáwù ti lọ wo bàbá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ní Ìfọ́n kí ọ̀rọ̀ tó bẹ́, kò sì rí ọ̀nà padà. Bọ̀dá Lásísì wà lókè Ọya níbi òwò rẹ̀. Sìfáwù nìkan ló wá wà láàárín wa, kò sí ìyá, kò sí bàbá.

Lọ́jọ́ tí a pa àgbò, Baba dìde láàárín àgbàlá, ó ní, "Ẹ gbọ́ o! Ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí ò gbọdọ̀ tẹ Ìfọ́n. Ẹran wa náà ò ní débẹ̀ lọ́dún yìí. Ẹ gbé itan yẹn kọ́." Ni Ìyá Àgbà bá fi itan náà kọ́ sórí ìkọ́ irin tó wà lókè àrò nílé ìdáná, kí èéfín máa gbẹ ẹ́. Sìfáwù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó wò ó títí, ó sì sọ pé, "Ìpín ilé ìyá mi mà nìyẹn." Kò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, itan ti lọ.

Hà! Ẹ ò rí ìró ẹnu Ìyá Àgbà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó pe olè, ó pe ológbò, ó pe wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Baba ò sí nílé, torí kí a tó jí ló ti gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní òun ń lọ kí ọ̀rẹ́ òun ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, òun á sì sùn síbẹ̀. Ta ló kọ́kọ́ wọ ilé ìdáná? Sìfáwù ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó eérú. Ta ló sọ pé ìpín ilé ìyá òun ni? Sìfáwù. Ẹnu ta ló ń dán fún òróró? Tiẹ̀ náà ni. Tèmi náà ń dán, torí odindi ọjọ́ ọdún la fi jẹ ẹran, àmọ́ kò sí ẹni tó wo tèmi.

Ìyá Àgbà ní, "Ó ti gbé e fún àwọn ará Ìfọ́n. Wọ́n ń dúró dè é ní ẹ̀yìnkùlé ni. Ó dáa. Àbúrò mi ní Ẹ̀rìn ti ń wá ọmọ tí á máa bá a pọnmi, tí á máa bá a ru igbá dé ìdíkọ̀ tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo. Lọ́la ni Sìfáwù ń lọ, ibẹ̀ ni á sì máa gbé." Gbogbo wa mọ ìyá Ẹ̀rìn yìí. Ọmọ tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kì í padà tètè, bó bá sì padà, á ti gbẹ bíi pańla. Ẹkún bọ́ lójú Sìfáwù. Inú mi bàjẹ́ débi pé mi ò lè jẹ ẹran mọ́, ẹ sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti burú nìyẹn.

Wàsíù ló bọ́ síwájú, ó di ṣòkòtò rẹ̀ mú. Ó ní, "Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí á wọ yàrá." Mo rò pé igbájú ló máa jẹ. Ìyá Àgbà wò ó látòkè délẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé bíi ti àwọn òyìnbó aláìníṣẹ́ yẹn? Ó yá, ẹ wọ̀ ọ́. Bí ẹnu yín bá kò pé kì í ṣe òun, tí ẹ sì mú ẹ̀rí wá, màá gbọ́. Kí n tó kírun Àsárì tán o. Bí ẹ ò bá rí nǹkan sọ, Ẹ̀rìn ni."

A kó ara wa dé yàrá páálí, tewúrẹ́-tewúrẹ́. Ooru mú wa bí ẹni pé wọ́n ń bọ̀ wá. Wàsíù ní kí ẹni tó bá gbà pé Sìfáwù jẹ̀bi nawọ́. Ẹ wo ọwọ́! Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra rẹ̀ o. Òórùn ìrẹsì ló ń wọlé láti ìta, wọ́n fẹ́ kí ẹjọ́ parí kí oúnjẹ tó tán. Èmi nìkan ni mi ò nawọ́. Ewúrẹ́ náà ò nawọ́, ó kàn ké "mẹ̀ẹ̀", Wàsíù sì ní kí á kà á mọ́ mi.

Ó ní kí n sọ ìdí mi. Mo ní, "Èmi ni mò ń bá a sùn. Bó bá jẹ odidi itan àgbò, ṣé mi ò ní gbóòórùn rẹ̀ ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín mi. Wàsíù ní ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí, pé òórùn ẹran ló wà lára gbogbo wa. Mo bínú. Mo ní, "Egungun rẹ̀ dà? Ilé yìí ò ní ajá. Ta ló jẹ egungun?" Wọ́n ní ó gbé e fún àwọn ará Ìfọ́n ni. Mo ní, "Báwo ló ṣe gbé e sọ̀ kalẹ̀? Ìwọ Wàsíù, tó ga bí ọ̀pá ìbẹ́pẹ, ṣé ọwọ́ ẹ tó ìkọ́ yẹn?" Kúkúrú ni Sìfáwù, ká má purọ́.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Wàsíù. Ó ní ó tọ́ ká lọ fojú rí i. Ìyá Àgbà wà lórí ẹní ìkírun rẹ̀, kò lè bá wa sọ̀rọ̀, a sì yọ́ kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ sílé ìdáná. A ò rí itan mìíràn, nítorí náà Wàsíù gun àkàbà tí a sáré yá nílé aládùúgbò, ó so ọmọ odó mọ́ ìkọ́. Ó ní ó wúwo tó itan àgbò. A pe Sìfáwù wọlé. Ó ṣì ń ṣẹ́kún. Wàsíù sọ̀rọ̀ bí adájọ́, ó ní, "Gbé e sọ̀ kalẹ̀ bí o ṣe gbé e lánàá." Sìfáwù ní, "Mi ò gbé nǹkan kan lánàá." Wàsíù ní, "Ṣáà gbé e."

Ó nàgà, ọwọ́ rẹ̀ ò tó o. Ó dojú odó dé, ó gun orí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò tó o. A fún un ní orógùn, ó fi ń ti ọmọ odó lọ, ó ń tì í bọ̀, gbogbo wa gbójú sókè, ẹnu wa là sílẹ̀. Lójijì ni okùn já. Ọmọ odó balẹ̀ sórí ìkòkò amọ̀ tí Ìyá Àgbà fi ń se ọbẹ̀ ọdún. Ìró rẹ̀ ju ìró ìbọn lọ. Ìkòkò fọ́ yángá-yángá, ọbẹ̀ ṣàn wọnú eérú, ẹran ń yí kiri ilẹ̀. Ewúrẹ́ sá jáde.

Wàsíù ò mira. Ó fọ́nnu láàárín ọbẹ̀, ó ní, "Ẹ rí i? Ká ní òun ló gbé itan lánàá ni, gbogbo ilé ì bá ti jí! Ẹ nawọ́ bí kò bá jẹ̀bi." Gbogbo ọwọ́ gòkè. Ẹnu wa kò. Mo di mọ́ Sìfáwù, ọbẹ̀ ti rin ẹsẹ̀ wa, ayọ̀ mi ò lóǹkà. Ìgbà náà la gbójú sókè, tí a rí Ìyá Àgbà lẹ́nu ọ̀nà, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mi ò ní sọ gbogbo ohun tó sọ, ìwé yìí lè bọ́ sọ́wọ́ ọmọdé. Ọdún kò gbà wá sílẹ̀ mọ́. A kúnlẹ̀, a káwọ́ sókè, a kọjú sógiri títí orúnkún wa fi kú. Mo gbìyànjú láti sọ fún un pé ẹnu wa ti kò. Ó ní, "Ẹnu yín kò, ìkòkò mi sì fọ́! Sìfáwù ń lọ sí Ẹ̀rìn, ọ̀rọ̀ ti parí."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n di ẹrù Sìfáwù sínú gèlè kan. Ẹrù náà ò tó nǹkan. Ó jókòó lé e lórí níwájú ilé, kò sunkún mọ́, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó ní kí n máa da aṣọ wa bo ara mi dáadáa, pé kò ní sí ẹni tí yóò máa fà á mọ́ mi lọ́wọ́ mọ́. Ni mo bá bú sẹ́kún.

Ibi tí mo ti ń sunkún ni Baba ti gun kẹ̀kẹ́ dé. A dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀. Ó wo ẹrù, ó wo Sìfáwù, ó fẹ́ la ẹnu béèrè. Kò tíì sọ̀rọ̀ kan tí ìyá arúgbó kan fi yọ láti ọ̀nà oko, ìrì ti rin ìró rẹ̀ dé orúnkún, igbá ẹ̀gúsí wà lórí rẹ̀. Ìyá tó bí ìyá Sìfáwù ni, láti Ìfọ́n. Gbogbo ojú ọ̀nà tí àwọn ọkùnrin ń bẹ̀rù ni ó ti gbà kọjá láàárọ̀ yẹn.

Kò tilẹ̀ rí wa. Ó sọ igbá kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú Baba, ohùn rẹ̀ sì ja gbogbo àgbàlá. "Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìnáwó! A rí itan àgbò gbà. Ẹ ṣé, ẹ ṣé, Ọlọ́run Ọba á fi kún un. Àìsàn bàbá wa ò jẹ́ kí ó wá fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ níbẹ̀, ó sì ṣàdúrà fún yín."

Baba wúkọ́. Ó ní, "Mo mà ní kí ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ní Ẹ̀rìn, tó bá mi gbé e wá, sọ fún yín pé kí ẹ má wá dúpẹ́."

Ìyá Ìfọ́n ní, "Ó sọ ọ́. Ẹ ní ká má wá ni, àbí ẹ ní ká má moore? Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni."

Ìyá Àgbà fi ọwọ́ méjèèjì borí. "Bàbá Lásísì! Ẹ̀yin lẹ gbé itan?" Baba wolẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó fúnni lọ́mọ ti parí oore. Ẹnu ni mo fi bínú sí wọn, mi ò fi ẹran bínú. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ọmọ yìí lọ́jọ́ iwájú?" Ó tún wo ẹrù tí Sìfáwù jókòó lé. "Àbí kí ni wọ́n di ẹrù rẹ̀ sí?"

Ìyá Àgbà ló dìde, ó lọ tú gèlè náà fúnra rẹ̀. Ó ń pe oríkì Sìfáwù, "Àjọkẹ́, Àjọkẹ́ mi, bínú sí mi o, má bínú jù." Ó fà á mọ́ra, ó sì ń nu omi ojú ara rẹ̀ mọ́ orí ọmọ náà. Ìyá Ìfọ́n ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó kàn ń sọ pé, "Kí ló dé? Ṣé ẹran yẹn ò tó yín ni?" Nígbà tó ń padà, Baba fúnra rẹ̀ sìn ín gba ọ̀nà oko. Kò pẹ́ sígbà náà tí ìyá Sìfáwù fi padà sílé ọkọ rẹ̀.

Láyé òde òní, fíìmù tó bá wu ọmọ mi wà nínú fóònù rẹ̀, ó ń wò ó lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sí Ìyá Àgbà tí á pariwo, "Sọ fún wọn!" Ẹjọ́ náà wà nínú fóònù. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ láàárín ẹbí, kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn tó jí, gúrúùpù ẹbí ti dá a lẹ́bi, wọ́n ti fi àwòrán ẹkún àti ti ẹ̀rín há a. Ẹnikẹ́ni kì í wọ yàrá, ẹnikẹ́ni kì í làágùn. Kò sì sí ọmọ tó ń kúnlẹ̀ mọ́, orúnkún wọn ṣe iyebíye.

Mo sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ mi lọ́jọ́ kan. Èyí àbíkẹ́yìn ní, "Màámi, gbogbo ìrìn yẹn nínú ìrì! Kí ló dé tí ìyá yẹn ò kàn fi fóònù dúpẹ́?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kò sí fóònù nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni mo rò ó, ara mi sì bù máṣọ. Ká ní fóònù wà ni, ìyá Ìfọ́n á pe Baba, Baba á ní, "Kò tọ́pẹ́," á tẹ̀ ẹ́ pa, á sì jù ú sápò, ta ló sì mọ̀ bóyá á jẹ́wọ́ fún wa? Sìfáwù á sì ti wà ní Ẹ̀rìn, tí á máa pọnmi, tí á máa ro ohun tí òun ṣe.